Máàkì Tí Mo Fún Ọmọ Káfíńtà

Ẹ̀yin ọmọ tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ní àròkọ, ẹ̀yin tí ẹ ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Oṣù tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n to àga sí gbọ̀ngàn, ọ̀gá àgbà pè mí ní olùkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lọ ní ilé-ìwé náà, wọ́n fún mi ní aago ara ògiri, ẹ sì pàtẹ́wọ́ títí. Mo gba aago, mo gba àtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò tọ́ sí mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún, ọdún mẹ́sàn-án péré ló lò tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ara mi ti fúyẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀, oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ẹ̀yin ló kù tí mo máa sọ ọ́ fún.

Ẹ rò pé mi ò mọ orúkọ tí ẹ ń pè mí lẹ́yìn. Màmá Agbàfóònù. Mo mọ̀ ọ́n, ó tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀, tí mo ń tú báàgì, tí mo ń fọwọ́ tẹ ìbọ̀sẹ̀ àwọn tó bá gbọ́n jù. Àpótí abẹ́ tábìlì mi kún fún fóònù yín débi pé bí ọ̀kan bá dún, tábìlì náà á máa gbọ̀n. Ní àpéjọ òwúrọ̀, èmi náà ni mo máa ń sọ pé ẹni tó bá ń gbé orí ayélujára láti àárọ̀ dalẹ́, ìwé kò ní í dúró lórí rẹ̀; pé yóò máa wo ojú tó dán ju tirẹ̀ lọ, ilé tó tóbi ju tirẹ̀ lọ, títí tí yóò fi rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mi ò yí ọ̀kan padà níbẹ̀. Ohun tí ẹ kò kàn mọ̀ ni ibi tí mo ti rí i kọ́. Ara mi ni mo ti rí i.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn ló fi fóònù ńlá kan ránṣẹ́ sí mi, kí a lè máa rí ojú ara wa. A rí ojú ara wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú àwọn mìíràn. Obìnrin kan wà tó máa ń fọ kápẹ́ẹ̀tì tó dọ̀tí gan-an; mo lè wo omi dúdú tó ń ṣàn jáde lára kápẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni fún wákàtí méjì, tèmi sì wà nílẹ̀ tí eruku ti bò ó. Tọkọtaya kan wà tí wọ́n ń jà lójú gbogbo ayé, mo di agbẹjọ́rò ìyàwó láìgbowó, mo ń bá àwọn tí mi ò mọ̀ rí tahùn síra. Èyí tó burú jù ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tí mo wọ̀, níbi tí oníkálukú ti ń gbé àwòrán àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ síta. Bí mo bá ti ibẹ̀ jáde, mo máa ń wo ara mi nínú dígí, màá ní, “Ìwọ, kí lo ṣe láyé?” Dípò kí n dìde lọ ṣe nǹkan, màá tún padà síbẹ̀ lọ wò. Ní yàrá àwọn olùkọ́, mo máa ń to ìwé àwọn ọmọ síwájú mi, màá gbé fóònù tì í, màá mú báírò dání. Ẹni tó bá wọlé yóò rò pé iṣẹ́ ni. Olùkọ́ ìṣirò nìkan, àbúrò tó dà bí ọmọ ìyá mi, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló mọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìwé àwọn ọmọ yìí mà ń tàn lójú yín o.” A jọ fi ṣe ẹ̀rín rín.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Ọmọ Káfíńtà. Kò sọ́jọ́ tí kì í gbá ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ kó tó wá, nítorí náà kò sọ́jọ́ tí ẹ ò ní í rí ìyẹ̀fun pákó nínú irun rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ bó bá ti mú báírò, ó máa ń dà bí ẹni pé ó jókòó tì ọ́ tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Akọ̀ròyìn ló fẹ́ dà. Ìdánwò àròkọ ìparí ọdún yẹn ló máa pín wọn: ẹni tó bá gba àádọ́ta sókè yóò lọ sí kíláàsì àwọn tí yóò kọ́ èdè àti ìwé kíkọ, ẹni tí kò bá gbà á yóò lọ sí òdìkejì, kò sì sí pé à ń padà. Ní sáà tó ṣáájú, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló gbà. Kò sẹ́ni tí àyà rẹ̀ ń já fún un.

Ìwé mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n kó fún mi, wọ́n tò ó ní nọ́ńbà, wọ́n fi okùn dì í. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ku ọ̀la tí a máa kó máàkì sílẹ̀, mọ́kànlá péré ni mo ti kà. Ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún, orí fídíò kápẹ́ẹ̀tì ni mo wà. Mo ké sí olùkọ́ ìṣirò pé mo gbé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ní ìwé máàkì sáà tó kọjá? Ọmọ tó mọ̀wé kì í gọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ yọ méjì níbí, ẹ fi méjì kún un lọ́hùn-ún, ta ló fẹ́ mọ̀?” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó gbà mí lọ́wọ́ ikú. Mo tẹ́ ìwé àtijọ́ sápá òsì, mo tẹ́ tuntun sápá ọ̀tún, mo bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kejìlá, mo ń kọ ọ́ wálẹ̀. Fóònù mi ń ṣiṣẹ́ lọ níwájú mi. Láàárín ààbọ̀ wákàtí, mo ti parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí ojú mi kò rí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan ti wọ kíláàsì náà láàárín sáà, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sí nọ́ńbà kẹtàlá. Gbogbo ọmọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti sún sílẹ̀ ní ìlà kan. Nọ́ńbà ni mò ń wò, mi ò wo orúkọ. Láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, máàkì ẹni tó tẹ̀ lé e ni mò ń fún oníkálukú. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ tí mo rí i pé kò sí máàkì tó kù fún ọmọ tó gbẹ̀yìn, ṣebí ó yẹ kí n fura? Mo fún un ní àádọ́ta láti inú àpò ara mi, mo sì pa ìwé dé.

Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó bi mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ lé Ọmọ Káfíńtà nínú ìwé jẹ́ ọmọkùnrin kan tí àìsàn kò jẹ́ kó wá sí kíláàsì dáadáa ní sáà tó ṣáájú. Mọ́kànlélógún ló gbà. Mo yọ méjì níbẹ̀. Mọ́kàndínlógún ló bọ́ sọ́wọ́ Ọmọ Káfíńtà. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ sì ni ọmọkùnrin tí a ń pè ní Bọ́ọ̀lù, torí pé kò sí ohun mìíràn tó mọ̀. Òun ló gba mẹ́rìnlélọ́gọ́rin Ọmọ Káfíńtà, mo fi méjì kún un, ó di mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Mo gbọ́ pé ó ka èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo ẹ̀yìn ìwé, ó tún kà á.

Ọmọ Káfíńtà wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi pè é wọlé. Kò sunkún, kò jà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣì í, kí n lè kọ́ ọ.” Mo wo máàkì yẹn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí: kí n dìde, kí n lọ sí ọ́fíìsì, kí n ní mo ṣàṣìṣe. Àmọ́ bí mo bá tún ti ẹnì kan ṣe, wọn yóò bèèrè ti mọ́kànlélọ́gọ́ta yòókù, wọn yóò tú okùn ìwé, wọn yóò sì rí i pé Màmá Agbàfóònù kò ka nǹkan kan. Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Mo gbé ojú sókè, mo ní, “Fóònù ni. Ẹni tó fi gbogbo ọpọlọ rẹ̀ sórí ayélujára, kí ló fẹ́ fi kọ àròkọ?” Ó ní òun kì í pẹ́ níbẹ̀, pé bàbá òun ló rà á fún òun kí òun lè máa bá a dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lóhùn. Mo ní ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn. Ó wolẹ̀. Mo rí i bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí gbọ́. Ẹ gbọ́ mi yé o, mo rí i, mo sì jẹ́ kó gbà mí gbọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, bàbá rẹ̀ dé, pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gba fóònù ọmọ náà, ó ti gbé e sórí bẹ́ńṣì iṣẹ́ rẹ̀, ó ti fi òòlù fọ́ ọ, torí pé Tíṣà ní fóònù ló ba ọmọ jẹ́. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń retí kí n yìn ín, mo sì yìn ín. Lẹ́yìn náà ó ní, “Tíṣà, èmi ò kàwé, igi ni mo mọ̀. Bí pákó méjì ò bá bára mu, mo máa ń tún un wọ̀n kí n tó sọ pé pákó ló burú. Ẹ bá mi fi ìwé ọmọ yìí hàn wá.” Mo ní kí àwọn méjèèjì padà wá ní Ọjọ́rú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù nìyí, ẹ má gbójú kúrò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo fa ìwé rẹ̀ yọ láàárín ìdì náà láìtú okùn. Àkòrí ìdánwò náà ni “Iṣẹ́ Òbí Mi.” Ó kọ ọ́ pé kí bàbá òun tó ra pákó, á fi ìka kàn án, á fetí sí i, bí ẹni tó kanlẹ̀kùn tí kò mọ̀ bóyá onílé wà ńlé. Ó kọ ọ́ pé ọwọ́ bàbá òun le débi pé bó bá fẹ́ fọwọ́ kan ojú òun, ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa ń lò. Ó wá kọ gbólóhùn kan: “Bàbá mi kì í súfèé ní ọjọ́ tó bá ń kan pósí ọmọdé.” Mo kà á, mo gbé ìwé sílẹ̀, mo tún gbé e. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni, ọmọ ilé-ìwé kankan kò kọ irú rẹ̀ fún mi rí. Àádọ́rùn-ún ni, bó bá kéré tán. Mo mú báírò pupa. Mo fa ìlà sábẹ́ ibi tí kò ní àléébù. Mo kọ “kò yé ni” síbi tó yé mi dé ọkàn. Mo kọ “ó ti yà kúrò lórí ọ̀rọ̀.” Mo fa ìlà pupa kọjá lórí gbólóhùn pósí yẹn, mo kọ “ọ̀rọ̀ asán” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín rẹ̀, fóònù mi dún, mo dáwọ́ dúró, mo wo fídíò kan tán, mo rẹ́rìn-ín, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ibi mi. Mo kọ mọ́kàndínlógún sókè, mo fi ìlà yí i po.

Ní Ọjọ́rú, bàbá wo ìwé náà, pupa nìkan ló rí. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Tíṣà, ó ti yé mi.” Ọmọ náà kà á láti òkè délẹ̀. Ó fi ìka sí gbólóhùn pósí yẹn, ó ní, “Mo rò pé ibẹ̀ ló dáa jù mà.” Mo ní, “Ìwọ lo rò bẹ́ẹ̀.” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá ìwé náà padà fún mi. Mo ti ṣe ohun púpọ̀ tí mo kábàámọ̀ láyé mi, mi ò ṣe ọ̀kan tó tó ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn.

Wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì òdìkejì. Ẹnì kan ya àwòrán èsì tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n ń gbé e kiri orí ayélujára, wọ́n ń fi mọ́kàndínlógún rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gba fóònù ẹni tó yà á, mo sì fìyà jẹ ẹ́. Èmi! Láti ìgbà náà, Ọmọ Káfíńtà kò nawọ́ mọ́ ní kíláàsì tuntun náà, níbi tí mo ṣì ti ń kọ́ wọn. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ àròkọ, ìlà méje ló máa kọ, ìlà méje tí kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, tí kò sì sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó ṣe tán, ó jáde ilé-ìwé, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì mi ló tú mi fó. Ẹ rántí pé Bọ́ọ̀lù gba gbohùngbohùn. Ó ti di akọ̀ròyìn, aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun ní ọpọlọ àfi ọjọ́ tí òun rí mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Pé ojú ń ti òun láti já Màmá kulẹ̀, òun fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, òun bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ó ní, “Màmá yìí ló rí ohun tí èmi fúnra mi ò rí.” Ẹ dìde, ẹ pàtẹ́wọ́. Mo jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú aago lórí itan mi, mò ń rò ó pé bí máàkì èké bá lè gbé ẹnì kan dé ibi tó dé yìí, ibo ló wá gbé ẹnì kejì lọ?

Ní ọjọ́ kejì mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fi ìwé ìdánwò ọdún yẹn pa mọ́ sí. Ìdì ìwé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú okùn rẹ̀. Mo gbé fóònù ńlá fún aládùúgbò mi kó bá mi tọ́jú rẹ̀, mo ní kí ọmọ mi máa pè mí sórí fóònù kékeré tí kò mọ̀ ju ìpè lọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ń wá a kiri orí tábìlì bí ẹni tó sọ òrùka nù. Lẹ́yìn náà mo kàwé. Ìwé méjìlélọ́gọ́ta tí mo fún ní máàkì láìkà nígbà náà, mo kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù, mo ka tìẹ náà: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ọmọ mi, mo sì ṣàánú rẹ kó tó pé bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Irọ́ ni máàkì yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe irọ́.

Mo mú ìwé Ọmọ Káfíńtà, mo kọrí sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Bàbá ń fi ìfági fá pákó, irun rẹ̀ ti funfun. Ọmọ Káfíńtà náà wà níbẹ̀, ó ti di odindi obìnrin, ó ń kun ẹsẹ̀ àga. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní kó dìde, ṣùgbọ́n kó tó dìde, èmi náà ti wà lórí eékún. Bàbá sáré wá, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ. Mo ní orí eékún yìí ni mo ti máa sọ ọ́, mo sì sọ ọ́, ti kápẹ́ẹ̀tì, ti nọ́ńbà kẹtàlá, ti báírò pupa, gbogbo rẹ̀. Bàbá gbé ìfági sílẹ̀. Ó ní, “Èmi wá fọ́ fóònù ọmọ mi lásán,” ó sì jókòó sórí pákó.

Ọmọ Káfíńtà nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba ìwé náà, ó kà á. Nígbà tó kà á tán, ó ní, “Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ fún ara mi pé orí mi ò pé. Bí mo bá fẹ́ kọ lẹ́tà lásán, ẹlòmíràn ni mo máa ń bẹ̀.” Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé àgbàlagbà ti kúnlẹ̀, kó foríjì. Ó gbé ojú sókè. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí inú bí mi.” Ó wá yíjú sí mi: “Gbólóhùn yìí dáa, mà. Ẹ mọ̀ pé ó dáa, ẹ sì fa ìlà sí i. Mi ò tíì lè foríjì yín. Ẹ lọ kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀, kí gbogbo wọn kà á.” Kò bi mí bóyá ó dáa. Ó sọ fún mi pé ó dáa.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn. Olùkọ́ ìṣirò ló máa bá mi gbé e sí ojú ewé ilé-ìwé lórí ayélujára. Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa dárúkọ mi?” Mo ní mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo máa sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ara òun náà balẹ̀ díẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà. Ohun tó bá fẹ́ fi mí ṣe, kó fi ṣe. Máàkì gidi ti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kọ ìdánwò yẹn wà ní ọ́fíìsì, ẹni tó bá fẹ́ mọ tirẹ̀, kó lọ wò ó. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin ọgọ́ta tó kù, àti lọ́wọ́ ọmọ tí mo fìyà jẹ nítorí àwòrán. Ẹ̀yin èwe, mi ò ní kí ẹ ju fóònù nù, orí rẹ̀ lẹ ti ń ka èyí. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ bá ń wo ilé onílé, iṣẹ́ kan wà níwájú yín tí ẹ kò fọwọ́ kàn, ẹnì kan sì ń dúró dè é. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ iye tí ẹ jẹ́ fún yín, yálà tíṣà ni o, yálà àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí lórí ayélujára ni, ẹ ní kó fi ibi tó ti kà á hàn yín.

Ọmọ Káfíńtà, mo mọ̀ pé wàá ka èyí. Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé, n kò sì mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ọdún mẹ́sàn-án lo fi bínú sí orí ara rẹ nítorí mi. Ní báyìí, èmi lò ń bínú sí, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí ìbínú náà wà. Má kánjú foríjì mí. Bínú títí yóò fi tó ọ. Mo wà ńlé.